Àwo Orin Tí Ayọ̀ọlá Lọ Ṣe ní Lẹ́kí

Gbogbo wa la ní ibi tí Ọlọ́run ṣì ń tún ṣe lára wa. Tèmi ni oúnjẹ. Bí mo bá jókòó ti mọ́ínmọ́ín, àdúrà nìkan ló lè gbé mi dìde. Ti Ayọ̀ọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ni.

Ẹnu rẹ̀ kò burú o. Kì í búni, kì í ṣòfófó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá gba ẹnu Ayọ̀ọlá kọjá kì í jáde bó ṣe wọlé. Ejò kan wà tó pa lẹ́yìn ilé ìdáná mi. Ojú mi ló ṣe; ejò náà kò nípọn ju okùn bàtà lọ. Nígbà tí ìròyìn rẹ̀ fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta búrẹ́dì létí títì, ó ti di òjòlá. Nígbà tó fi máa dé ṣọ́ọ̀ṣì, òjòlá náà ti gbé ewúrẹ́ kan mì, àwọn ará ìjọ sì ń bá mi kẹ́dùn ewúrẹ́ tí n kò sìn rí.

Èmi ni mo tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ìyá rẹ̀ sùn nínú Olúwa. Nítorí náà, ọmọ mi ni mò ń sọ yìí. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, ẹ má bá mi bú u.

Ẹnu nìkan ì bá ṣeé fara dà, bí ọwọ́ bá ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n Ayọ̀ọlá kì í parí nǹkan. Ó kọ́ṣẹ́ télọ̀: ṣòkòtò tó rán fún ọkọ mi wà nínú àpótí títí dòní, ẹsẹ̀ kan ló ní. Ó kọ́ ilé adìẹ: ògiri mẹ́ta ló mọ, àwọn adìẹ náà sì gba ibi ìkẹrin lọ. Lẹ́yìn náà ló wá ra gìtá.

Lọ́jọ́ tó gbé gìtá wọlé, ó ní òun ti dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, Mànàmáná lorúkọ rẹ̀. Mo bi í pé irú orin wo ni wọn ó máa kọ. Ó ní rọ́ọ̀kì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe rọ́ọ̀kì lásán, alitanétíìfù ni, irú rọ́ọ̀kì tí kì í gba ọ̀nà tí àwọn rọ́ọ̀kì yòókù ń gbà. Mo béèrè ohun tí àwọn yòókù fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó mirí, ó ní kò lè yé mi. Ohun tó yé mi ni pé bí ó bá ti tan gìtá náà, àwọn ìdérí ìkòkò mi á bẹ̀rẹ̀ sí í jó lórí pákó.

Ẹgbẹ́ Mànàmáná yìí, ènìyàn méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Ìkejì ni Kàbírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama, ọmọ jẹ́jẹ́ kan tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́. Ìyá Kàbírù ló ń ta obì ní Sábó, ní Ṣàgámù. Síbẹ̀, bí Ayọ̀ọlá bá ń sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rò pé bọ́ọ̀sì méjì ni wọ́n fi ń kó wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sórí ìdérí ìkòkò mi, àfi bí Ayọ̀ọlá ṣe lọ fẹ́ràn Hadassah.

Nọ́ọ̀sì ni Hadassah, ọmọ gidi. Bàbá rẹ̀ ni Alàgbà Adétúnbọ̀, tó ti jẹ́ akọ̀wé ní yunifásítì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwa tí a ń pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, ìwọ̀ oòrùn Fúráìdè ló ń ṣí i fún wa, ìwọ̀ oòrùn Sátidé ló ń tì í. Láàárín méjèèjì, a kì í ṣiṣẹ́. Alàgbà Adétúnbọ̀ yìí ló ń kọ àkókò tí oòrùn máa wọ̀ sínú ìwé ìròyìn ìjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn kì í sì í fi ìṣẹ́jú kan ṣeré. Àwọn kan a máa sọ pé oòrùn fúnra rẹ̀ máa ń yọjú sí ilé Alàgbà láti béèrè bóyá òun lè máa lọ.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbà wá dáadáa, wọ́n fún wa ní ọsàn. Lẹ́yìn náà wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Màmá Ìfẹ́dayọ̀," ni wọ́n wí fún mi, "èmi ò bá gìtá jà. Dáfídì náà ta hápù. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kejì ni mò ń béèrè."

Ojú tì mí. N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣòkòtò náà ti jáde nílé.

Wọ́n wá là á kalẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni Ayọ̀ọlá ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ń ṣe àwo orin, orin méje ni yóò wà nínú rẹ̀. Kí ó gbé e wá, kí ó pé méje, kí ó jẹ́ àwo tí ènìyàn lè fi ọwọ́ dì mú. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú oṣù kẹta ni kí ó gbé e wá. Bí ó bá pé, àwọn á fún un ní Hadassah, àwọn kò ní yẹ ọ̀rọ̀ àwọn. Bí kò bá pé, ilé ìwòsàn kan wà ní Ìbàdàn tó ti ń pe Hadassah síṣẹ́. Kí ọmọ náà máa lọ, kí Ayọ̀ọlá sì máa bá gìtá rẹ̀ ṣeré.

Bí a ṣe ń jáde, mo gbọ́ tí Hadassah dá Ayọ̀ọlá dúró lẹ́nu géètì. Kò pariwo.

"Ayọ̀ọlá, mi ò fẹ́ ẹni tó mọ gbogbo nǹkan. Ẹni tó parí ẹyọ kan ni mo fẹ́."

Ọmọ mi ní kó fọkàn balẹ̀, pé sítúdíò kan ní Lẹ́kí ti ń bẹ òun láti ọdún tó kọjá.

Báyìí ni Lẹ́kí ṣe wọ ọ̀rọ̀ wa. Oṣù méjì gbáko, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Ayọ̀ọlá kò ní gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn kó sì ní òun ń lọ sí Lẹ́kí. Tó bá dé, a ó gbọ́ bí ó ti rí. Gíláàsì ni ògiri sítúdíò náà. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ tutù débi pé ẹni tó bá kọrin òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀sán kí ohùn rẹ̀ tó yọ́. Wọn kì í jẹ́ kí ẹṣin wọ ibẹ̀. Mo bi í pé ta ló fẹ́ mú ẹṣin lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òfin ni.

Ohun kan ló ń ṣe mí ní kàyéfì. Gbogbo ìgbà tó bá ti Lẹ́kí dé, àbàwọ́n pupa rúsúrúsú máa ń wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tí ọṣẹ kò lè ká. Ó ní ọ̀dà ni, pé wọ́n ń kun sítúdíò náà lọ́tun nítorí òun. A kì í jẹ obì nínú ìjọ wa, nítorí náà n kò mọ àbàwọ́n obì nígbà náà. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí.

Ilé ìtọ́jú obì Ìyá Kàbírù ní Sábó ni Lẹ́kí.

Kàbírù ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tó yá, ọjọ́ náà ló lo gbólóhùn ọ̀sẹ̀ kan tán. Wọ́n ti wá sítúdíò káàkiri Ṣàgámù, agbára wọn kò ká a. Kàbírù wá ṣàkíyèsí pé bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ nínú ilé obì ìyá òun, ohùn kì í ta padà láti ara ògiri. Àwọn agbọ̀n ńláńlá tí wọ́n tẹ́ ewé tútù sí nínú, àti àwọn àpò tí wọ́n tò dé àjà, ń gbé ariwo mì bí ìgbà tí ilẹ̀ gbígbẹ ń fa omi. Wọ́n wá gbé kọ̀ǹpútà kan àti makirofóònù kan sí àárín agbọ̀n, wọ́n ń kọrin. Níwájú ilé, lẹ́yìn aṣọ ìkélé kan, Ìyá Kàbírù àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ń bó gbàǹja, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò. Ayọ̀ọlá ní aṣọ náà ti tó, pé makirofóònù òun kì í gbọ́ ohùn tálákà.

Ẹ rántí gbólóhùn yẹn.

Wọ́n ṣe orin mẹ́fà. Ó ku ìkeje, àkọlé rẹ̀ ni "Olóòótọ́ Ni Mí." Fúráìdè tó ṣáájú Sọ́ńdè náà ni wọ́n fi í sí, aago mẹ́ta ọ̀sán, kí Ayọ̀ọlá lè délé kí oòrùn tó wọ̀. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ni Alàgbà kọ sínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ayọ̀ọlá dé Sábó ní aago mẹ́ta géérégé. Ì bá wọlé tààrà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ṣe àṣìṣe, ó bi í pé báwo ni iṣẹ́ orin. Ayọ̀ọlá bá jókòó lórí agbọ̀n. Ó sọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń dúró de àwo náà ní ìlú òyìnbó. Ó sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan ti fẹ́ kọ orúkọ òun sára ọkọ̀ wọn. Kàbírù wá pè é ní aago mẹ́rin. Ó wá pè é ní aago márùn-ún. Ní aago mẹ́fà, kò pè é mọ́, ó gbé gìtá sí i lórí ẹsẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n tó tan makirofóònù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, Kàbírù kò sọ ọ́ fún mi. Kò sídìí tó fi yẹ kó sọ ọ́. Gbogbo wa la fi etí ara wa gbọ́ ọ.

Èmi wà ní ìpàdé àdúrà ìṣíwọlé Ọjọ́ Ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò náà. Nígbà tí mo délé, mo bá Ayọ̀ọlá lórí ìkúnlẹ̀ ní pálọ̀, òógùn bò ó, ó ń mí gúlegúle. Mo rò pé Ẹ̀mí ló bà lé e. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, tí í ṣe Sátidé, ó dìde láti jẹ́rìí níwájú ìjọ. Ó ní Olúwa ti parí àwo orin náà ní Lẹ́kí láti Tọ́sìdé. Ó ní àwọn ará sítúdíò bẹ òun kí òun dúró di Fúráìdè, òun sì wí fún wọn pé owó ayé yìí kò tó Ọjọ́ Ìsinmi òun. "Ẹ̀yin ará," ló wí, "oòrùn ìrọ̀lẹ́ àná, orí ìkúnlẹ̀ ló wọ̀ bá mi." Ìjọ ní àmín. Alàgbà Adétúnbọ̀ pàápàá mi orí pé ó dára. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tiwa kò lo ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí oòrùn Sátidé wọ̀, ó sáré lọ bá Kàbírù kí wọ́n tẹ orin náà sórí àwo. Kàbírù ní kí ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ná. Ayọ̀ọlá fi fóònù gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, ó ní ó dára. Ó ní idì kì í ka ìyẹ́ ara rẹ̀. Kàbírù ti sọ gbólóhùn rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán lọ́jọ́ yẹn, ló bá dákẹ́.

Páálí àwo náà, ẹ ò rí i. Àwòrán Ayọ̀ọlá ló kún un, mànàmáná ń jáde létí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn pé Ayọ̀ọlá ló kọrin, Ayọ̀ọlá ló ta gìtá, Ayọ̀ọlá ló lu ìlù, Ayọ̀ọlá ló kó gbogbo rẹ̀ jọ. Nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà tó kéré bí èèrà, wọ́n kọ ọ́ pé Kàbírù ló gbé wáyà.

Sọ́ńdè dé. A pé jọ sí pálọ̀ Alàgbà: èmi àti ọkọ mi, Hadassah àti ìyá rẹ̀, Ìyá Àgbà tó bí Alàgbà, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àti Alàgbà fúnra wọn pẹ̀lú Bíbélì lórí itan. Kàbírù àti ìyá rẹ̀ náà wá, nítorí ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni. Ìyá Kàbírù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú híjáàbù aláwọ̀ ewé, obìnrin tó ń bọ̀wọ̀ fúnni.

Alàgbà ti gbé rédíò wọn sílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbọ́ àwo náà. Rédíò kékeré, ohùn pẹ̀lẹ́. Ì bá gbà wá là. Ayọ̀ọlá wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní rédíò yìí kò lè gbé Lẹ́kí. Ló bá ní kí wọ́n gbé àwọn sípíkà méjì tó ti háyà wọlé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní òun fẹ́ kí Bàbá gbọ́ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó má ku ẹyọ kan.

Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ṣùgbọ́n òfòrò kì í háyà sípíkà.

Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Gìtá bú, fèrèsé gbọ̀n, Ìyá Àgbà di etí. Mo ti ń mọ́kàn le nígbà tí àkùkọ kan kọ láàárín orin, kedere, bí ẹni pé ó wà lábẹ́ àga.

Alàgbà gbójú sókè. "Àkùkọ wà ní Lẹ́kí?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá," ni Ayọ̀ọlá wí. "Japáànù ni wọ́n ti rà á."

Ìyá Àgbà fi èdè Rẹ́mọ béèrè bóyá wọ́n máa ń pa ẹ̀rọ náà jẹ lọ́dún.

Orin kejì kọjá, a kò gbọ́ nǹkan àjèjì kan nínú rẹ̀. Orin kẹta ni èyí tí Ayọ̀ọlá fẹ́ràn jù. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó ti gbé ohùn sókè, sókè, débi pé iṣan ọrùn tèmi ń le níbi tí mo jókòó sí. Ó gbé e dé òkè téńté, ó dúró. Ohùn obìnrin kan sì sọ nínú ìdákẹ́jẹ́ náà pé:

"Eléyìí ti ní kòkòrò. Gbé e sọ́tọ̀."

Hadassah tẹrí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo wo Ìyá Kàbírù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń wo sípíkà bí ẹni tó rí àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri ilé onílé.

"Èmi nìyẹn," ló wí fún mi jẹ́jẹ́.

Ayọ̀ọlá ní àwọn obìnrin Lẹ́kí ni, pé iṣẹ́ ọnà ni, ara ohun tó jẹ́ kó di alitanétíìfù nìyẹn. Ọkọ mi wúkọ́. Orin kẹrin lọ. Nígbà tí ìkarùn-ún dé, Ayọ̀ọlá dìde, ó ní kí Bàbá fi etí sí gìtá tó ń bọ̀, pé oṣù mẹ́rin lòun fi kọ́ ìka òun. Gìtá náà bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ó ń kọsẹ̀ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ni ohùn kan náà tún sọ pé:

"Kàbírù, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kó má baà tún já okùn."

Láti ibẹ̀ lọ ni gìtá náà wá ń já geere bí omi odò. Alàgbà yí páálí àwo padà, wọ́n fi awò ojú wo ibi tí wọ́n kọ Kàbírù sí fínnífínní, wọ́n wá wo Kàbírù. Kàbírù ń wo ilẹ̀. Bí ọmọdé bá ní gìtá tó ti àgbà, wọ́n ní kò lè ní okùn jíjá tó ti àgbà. Tiwa ní i tó o. Ayọ̀ọlá jókòó padà.

Síbẹ̀, mo ń kà á lọ́kàn mi. Orin kẹfà parí. Ẹ̀tàn díẹ̀ ti yọ lóòótọ́, àmọ́ orin méje ni Alàgbà béèrè; bí ìkeje bá ti lọ láìsí wàhálà, ó pé, ó parí, Hadassah ti di tiwa. Mo ń gbàdúrà nínú, mo ní Olúwa, jẹ́ kí obìnrin yìí ti lọ sílé nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí.

Orin keje bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, gìtá nìkan. Ó dùn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ohùn mìíràn fi wọlé láti òkèèrè, ó gùn, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ladani ni. Mọ́sáláásí Sábó ń pe ìrun.

Alàgbà ṣí Bíbélì wọn. Wọn kò kà á. Ìwé ìròyìn ìjọ ni wọ́n yọ láàárín rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan.

Ohùn Ìyá Kàbírù jáde láti inú sípíkà méjèèjì, lọ́tùn-ún àti lósì, bí ìgbà tí wòlíì ń kéde:

"Ayọ̀ọlá, oòrùn mà ti wọ̀. Ẹ kú Jímọ̀ o. Ṣé kì í ṣe pé Ìsinmi yín ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ohùn ọmọ mi sì dáhùn:

"Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀, Ìyá. Ta ló máa sọ fún Alàgbà?"

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin pé olóòótọ́ lòun.

Ayọ̀ọlá dìde láti pa á. Alàgbà na ọwọ́ kan, wọn kò wò ó, wọ́n ní kí ó jẹ́ kó parí. A jókòó síbẹ̀, gbogbo wa, a gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ló wí nínú orin náà pé olóòótọ́ lòun. Mo kà á. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Nígbà tí ó dákẹ́, Alàgbà kọjú sí Ìyá Kàbírù. "Ìyá, aago mélòó ni ladani yín máa ń pe ti ìrọ̀lẹ́?"

"Bí oòrùn bá ti wọ̀ ni, Bàbá."

"Tiwa náà nìyẹn," ni Alàgbà wí. Wọ́n ká ìwé ìròyìn náà padà sínú Bíbélì. "Ayọ̀ọlá."

"Sà."

"Níbo ni Lẹ́kí?"

Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín sípíkà méjèèjì. "Mi ò dé ibẹ̀ rí, sà. Mi ò mọ ọkọ̀ tó ń lọ síbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni Hadassah wí. Gbogbo wa yíjú sí i. "Láti oṣù tó kọjá ni mo ti rí ewé obì nínú àpò gìtá rẹ. Mo ń dúró kó o sọ fún mi ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún ju ti sípíkà lọ. Mo rí i lójú rẹ̀.

Alàgbà bọ́ awò ojú wọn. Wọ́n wá sọ pé àwọn kò ní yẹ ọ̀rọ̀ àwọn, bí wọ́n ṣe wí ló rí: orin méje ni àwọn béèrè. Àmọ́ èyí tí wọ́n ṣe nínú Ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kò lè kà á mọ́ iṣẹ́. Mẹ́fà ló wà ńlẹ̀.

"Bàbá," ni Hadassah wí, "Wẹ́sìdé ni Ìbàdàn ń retí èsì mi."

"Nígbà náà, kó gbé ìkeje wá ní Túsìdé. Ọ̀sán ni kó ṣe é. Níbi tó ti ṣe tàkọ́kọ́. Ìyá Kàbírù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó tì í, nítorí nínú gbogbo ẹni tó wà nínú àwo yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́."

"Àti àkùkọ," ni Ìyá Àgbà wí.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Ayọ̀ọlá wọ ilé obì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Àwọn obìnrin náà kí i, wọ́n béèrè iṣẹ́ orin. Ó ní ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n rò pé ara rẹ̀ kò yá, wọ́n sì bu omi fún un. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni wọ́n parí. Wákàtí kan péré ni ohun tí kò parí láti ọdún mẹ́ta gbà, nígbà tí ẹnu kò sí ńbẹ̀.

Túsìdé, rédíò kékeré ni a fi gbọ́ ọ. Kò sí àkùkọ, kò sí ladani. Ayọ̀ọlá ti yí àkọlé orin náà padà sí "Ẹ Ní Sùúrù Fún Mi." Alàgbà di ojú, wọ́n gbọ́ ọ tán. Ìgbà tí gìtá sì ti dákẹ́ pátápátá, tí a rò pé ó ti parí, ohùn tí a ti mọ̀ dáadáa yọ láti ẹ̀yìn:

"Eléyìí dára. Kó o sínú agbọ̀n."

Títí di òní, Ìyá Kàbírù kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá orin ló ń sọ tàbí obì. Ṣùgbọ́n Alàgbà ní ó tó àwọn. Hadassah kọ̀wé sí Ìbàdàn pé òun kò wá mọ́. Páálí tuntun tí wọ́n tẹ̀ fún àwo náà, orúkọ Kàbírù wà níbi gìtá, ó tóbi, ènìyàn lè kà á láti ojú títì. Àwọn ọmọ yunifásítì ń ra àwo náà, wọ́n ń gbọ́ ọ. Orin kẹta ni wọ́n fẹ́ràn jù. Bí Ayọ̀ọlá bá ń kọjá, kì í ṣe orin rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí i; wọ́n máa ń ní kí wọ́n gbé e sọ́tọ̀, ó ti ní kòkòrò.

Wọ́n ti ṣègbéyàwó, ó ti pé oṣù méje. Mo lọ kí wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. A jókòó sí pálọ̀, Ayọ̀ọlá sì ń sọ fún mi nípa ejò kan tí òun pa lẹ́yìn ilé wọn. Ejò náà ti ń gùn. Ó ti kọjá géètì, ó ti fẹ́ dé títì.

Hadassah yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó gbé e lé orí tábìlì bí ẹni gbé makirofóònù kalẹ̀, ó da ojú rẹ̀ sókè. Kò tẹ̀ ẹ́, kò tan nǹkan kan lórí rẹ̀.

Ayọ̀ọlá wò ó. Ó wò mí.

"Kòkòrò ni, Màámi," ló wí. "Ó kàn gùn díẹ̀ ni."